Obìnrin, Eré Ọ̀nà Jíjìn àti Ìbẹ̀rù Wa

Àwọn baba wa ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Bí abiyamọ kan bá wá ń sáré ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lójú ọ̀nà Bessé, tí ejò kò sí níwájú, tí kò sí lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kìlọ̀ fún un pé kó má ba ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí: bí a bá mọ̀ pé ewu wà, ṣé ìmọ̀ náà fún wa ní àṣẹ láti dá a dúró?

Ìbẹ̀rù yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1928, ní Amsterdam, àwọn obìnrin sá eré mítà 800 ní ìdíje Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìròyìn tàn ká pé àárẹ̀ dá wọn wó. Àwọn aláṣẹ sì yọ eré náà kúrò fún obìnrin títí di ọdún 1960. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ilé-ọmọ obìnrin tó bá sáré jìnnà yóò jábọ́. Ọdún 1984 ni wọ́n tó gba obìnrin láàyè láti sá máratọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ní 1996, Fatuma Roba, ọmọ Etiópíà, gba wúrà rẹ̀ ní Atlanta. Ní 2024, Noélie Yarigo, ọmọ ilẹ̀ Benin tiwa, gba idẹ nínú ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Glasgow, nínú eré mítà 800 kan náà tí wọ́n fi du àwọn ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, irọ́ tí a pa nípa ewu kò sọ pé ewu kò sí. Obìnrin tó ń sáré jìnnà, tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó agbára tó ń ná, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, egungun rẹ̀ yóò di aláìlágbára, yóò sì lè sán. Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé fún ìṣòro yìí ní orúkọ tuntun, RED-S. Èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ náà lè dín kù, kí àárẹ̀ àti òòyì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá fi èyí pamọ́ fún un kò ṣe é lóore ju ẹni tó so ó mọ́lé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Obìnrin tó ń ti oko bọ̀, tó ru igi ìdáná, tó pọn ọmọ, ta ló bi í bóyá ó jẹun tó? Ìrìn tó ń rìn fún wa kò bà wá lẹ́rù. Eré tó ń sá fún ara rẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù. Ìlera rẹ̀ nìkan kọ́ ni à ń ṣọ́ nígbà náà.

Ẹnìkan lè ní bí ìyá bá ṣubú, gbogbo ilé ló ṣubú, nítorí náà ilé ní ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ ni. Kí ilé sọ̀rọ̀, kí ó sì fi iṣẹ́ tì í lẹ́yìn: kí ẹlòmíràn pọn omi lọ́jọ́ tí ó bá sáré, kí oúnjẹ rẹ̀ má kẹ́yìn ti gbogbo ilé, kí a sìn ín dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn nígbà tí oṣù bá dúró. Lẹ́yìn èyí, ìpinnu di tirẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.