Ọ̀rọ̀ tí Àárẹ̀ Sọ: Ta Ló Ni Ín?

Ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan ti ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn láti ọ̀pọ̀ oṣù. Lóru ọjọ́ kan, ìyá pè é lẹ́ẹ̀kẹrin. Bí oorun ti ń kùn ún, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìgbà wo lẹ máa tó kú, kí n lè sinmi?" Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹkún ló ń sun. Ṣé òun ló sọ̀rọ̀ náà ni, àbí àárẹ̀?

Àwọn kan nínú wa yóò ní, "Àárẹ̀ ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀." Àwọn mìíràn yóò ní, "Ohun tó wà nínú rẹ̀ tipẹ́ ló jáde yẹn." Ìdájọ́ méjèèjì kò pé.

Pierre Janet, ará Faransé tó ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di oníṣègùn, ló fún irú ipò yìí ní orúkọ tí a lè pè ní ìlọsílẹ̀ iyè. Carl Jung, ọmọ pásítọ̀ láti Switzerland, gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Paris ní 1902 sí 1903, ó sì mú un lò. Wọ́n ní àárẹ̀, àìsàn tàbí ìbínú líle a máa mú kí iyè wa rọ̀, bí olùṣọ́ tó ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà náà ni ohun tí a ti tì mọ́ inú yóò yọ jáde. Tiwa ni ohun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara wa.

Ìwé Mímọ́ mọ ipò yìí. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, Èlíjà tó ti rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kú. Ọlọ́run kò bá a jiyàn. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yìn náà ni Ó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10, ebi ń pa Pétérù nígbà tó bọ́ sí ojúran. Ó rí ohun tí kò ní gbà bí ojú rẹ̀ bá dá. Síbẹ̀, kò kàn dìde lọ. Ó rò ó, ó sì mú àwọn arákùnrin dání lọ sí ilé Kọ̀nẹ́líù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pinnu ohun ńlá nígbà tí iyè wa bá lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́, kí a yẹ ohun tó jáde wò. Ẹyin lohùn, kí obìnrin yìí kúnlẹ̀ bẹ ìyá, kí ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹrù náà ti pọ̀ jù. Kí ó rántí pẹ̀lú pé wíwẹ̀ tó ń wẹ ìyá àti oúnjẹ tó ń fún un lójoojúmọ́, òun náà ló ń ṣe é, ojú rẹ̀ sì dá.

Àwa ńkọ́? Bí a bá mọ̀ pé kò sùn, tí a kò sì gba òru kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, àwa náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ tó sọ. Kí Olúwa jí wa sí ojúṣe wa. Àmín.