Èèrí, Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti Mímọ́ Ẹran Adìẹ

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ògì tàbí tí wọ́n ti ń pọn ọtí ọkà, adìẹ a máa rí ọkà kíkan jẹ. Ní Gouka, ní agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà méjì ni ọkà náà ń gbà dé àgbàlá: èèrí tó kù nínú asẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, àti ohun tó kù lára ṣàpálò, ọtí bàbà tàbí ti àgbàdo tí ìwé Faransé ń kọ ní tchakpalo. Èkejì yìí ló ń dá ìbéèrè sílẹ̀. Bí ọtí bá jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnìkan, ṣé adìẹ tó jẹ nínú rẹ̀ di èèwọ̀ fún un?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí kíkan jẹ́. Bí ọkà bá wà nínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, omi náà á sì kan. Omi kíkan yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn bíi salmonella ráyè; ó tún ń tú phosphorus tó há sínú ọkà sílẹ̀ kí ara ẹyẹ lè lò ó. Àpò ọrùn adìẹ, níbi tí oúnjẹ ti ń dúró kí ó tó dé ìwe, kún fún irú kòkòrò kan náà, oúnjẹ sì ń kan níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá rẹ ọkà fún adìẹ ń bá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni. Imú ló ń pa kíkan pọ̀ mọ́ ìbàjẹ́.

Ti ṣàpálò ju kíkan lọ. Apọntí á rẹ ọkà, á jẹ́ kó hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ omi, á sè é. Lẹ́yìn náà ni yóò sẹ́ èèrí kúrò. Omi tó jáde ni yóò tún sè, tí yóò jẹ́ kó tutù, tí yóò sì bu ìwúkàrà láti inú ọtí ìṣáájú sí i. Ìgbà yìí gan-an ni ó tó ń di ọtí tí ń pani. Èèrí ti kúrò nínú ìkòkò kí ọtí tó dé ibẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó silẹ̀ sí ìdí ìkòkò ni ọtí wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú iyàn tí wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọlẹ̀ bí wọ́n bá kọ́kọ́ bi apọntí léèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n dà fún adìẹ.

Láàrin àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ adìẹ tó jẹ ohun ẹlẹ́gbin ti pẹ́. Bukhari, tó ṣàkójọ hadith (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì), ròyìn pé wọ́n gbé ẹran adìẹ síwájú Abu Musa al-Ashari, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ẹnìkan sì fà sẹ́yìn: ó ti rí adìẹ tó ń jẹ ohun tó rí i lára, ó sì ti búra pé òun kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Abu Musa ní kó súnmọ́ oúnjẹ, nítorí òun rí Ànábì tó ń jẹ adìẹ. Hadith mìíràn kọ ẹran àti wàrà ẹran tó ń jẹ ìgbẹ́, wọ́n sì ròyìn pé Abdullah ọmọ Umar a máa há irú adìẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó jẹ ẹ́. Òfin Maliki, tí àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé jù, tún rọ̀ ju èyí lọ: ìwé òfin Mukhtasar Khalil ka ẹyẹ sí ohun tó tọ́ láti jẹ, ìbáà máa jẹ ìdọ̀tí. Bákan náà, bí ọtí bá fúnra rẹ̀ yí padà di ọtí kíkan, àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti mọ́. Bí ọtí bá lè yí padà báyìí, ó ṣòro láti sọ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti di ẹran àti iyẹ́ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ti adìẹ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń bọ́ ọ: ègún inú hadith kan dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ọtí àti ẹni tó rù ú pẹ̀lú, nítorí náà kò rọrùn fún Mùsùlùmí láti máa ra gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, kọ ọtí fún àwọn ọmọ ìjọ. Síbẹ̀, ní Matteu 15:11, ohun tó ń wọ ẹnu kọ́ ló ń sọni di aláìmọ́. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ̀ṣe, ẹni ni èèwọ̀ ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé ọkà: ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Ọ̀ṣun.

Ó ku ẹ̀tọ́ adìẹ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń jẹ̀ kiri lè yan ohun tó wù ú. Èyí tí a há mọ́ kò lè yàn. Ọtí inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè pa á bí ó ti ń pa ènìyàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì ràn án mọ́ nígbà tí àṣá bá dé. Ọkà tó ti bu burú ju ìyẹn lọ, ó sì yẹ kó ká ènìyàn lára ju ọ̀rọ̀ ọtí lọ, nítorí aflatoxin, májèlé inú rẹ̀, ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, ó sì lè gba inú ẹyin dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sìn ín. Àwọn kan ń rẹ irú ọkà bẹ́ẹ̀ sómi kó má baà ṣòfò, ṣùgbọ́n kíkan kì í mú májèlé náà kúrò tán.