Ẹ̀ṣẹ̀ Ta Ni, ní Lisbon?

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kù díẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Lisbon kún dẹ́nu. Àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ. Ilẹ̀ mì, ó tún mì, òrùlé àti òpó sì ya lu àwọn tó wà lórí eékún. Àwọn tó ráyè jáde sá lọ sí etí odò Tejo, nítorí pé kò sí ilé tó lè wó lé wọn lórí níbẹ̀. Omi òkun ru sókè, ó ya wá bá wọn. Iná àbẹ́là àti iná ààrò ran àwókù, ó sì jó fún ọjọ́ mélòó kan. Ká ní ilé ọtí ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn fún àwọn tó máa ń túmọ̀ àjálù. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n wà, lọ́jọ́ mímọ́, wọ́n ń gbàdúrà.

Ìtàn yìí ni mo gbé dé Lisbon, èmi nìkan. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, ọmọ Ìlẹ̀ṣà ni mí, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì bí mi sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn kò tíì kọ́ tán ló wó ní Èkó, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà níbẹ̀ bá a lọ. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àgbà ìjọ kan dìde, ó ní kí ìdílé wa yẹ ara wa wò, pé Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan láìnídìí. Mo gbà pé kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ó ti wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri inú ayé rẹ̀ títí dé ìgbà tó wà ní ọmọ ilé ìwé. Ó jẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù pé òun jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ìyá òun nígbà kan, ó sì bi mí bóyá ìyẹn ni.

Àwọn ọmọ mi ní kí n mú ẹnì kan dání. Èmi náà mọ òwe àìrìnpọ̀ ejò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run rò kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rò lójú ẹlòmíràn, nítorí náà ni mo ṣe wọ bàtà tó nípọn, tí mo gbé báàgì kan ṣoṣo kọ́ èjìká, tí mo sì lọ.

Ẹ̀gbẹ́ gbàgede Rossio ni ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos wà. Ẹni tó bá wò ó láti ìta kò ní rí ohun ìyanu kankan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé, ẹsẹ̀ mi sì dúró. Àwọn òpó òkúta inú rẹ̀ ti sán, ara wọn ti bó, iná ti jẹ ẹ̀gbẹ́ òmíràn sọnù. Ìsẹ̀lẹ̀ 1755 wó ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n tún un kọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1959, iná jó o, panápaná méjì sì kú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 1994, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àpá iná náà sílẹ̀ lára òpó, wọn kò fi simẹ́ńtì bò ó. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń tan àbẹ́là, wọ́n ń kúnlẹ̀ láàárín àpá wọ̀nyẹn. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn. N kò rí ilé ìsìn tó bá mi lára mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní àpá kan tó ju ti iná lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1506, àjàkálẹ̀ àrùn àti ọ̀dá wà ní Lisbon. Àwọn ènìyàn péjọ sí São Domingos láti bẹ Ọlọ́run. Ẹnì kan pariwo pé òun rí ìmọ́lẹ̀ lára àgbélébùú, pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ọkùnrin kan láàárín wọn ní àbẹ́là ló ń tàn sí i lára. Ọ̀kan nínú àwọn Júù tí ọba Pọ́túgàl ti fi ipá sọ di Kristẹni ní 1497 ni ọkùnrin náà. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n lù ú pa. Àwọn àlùfáà ìjọ Dominiki ru àwọn èrò sókè, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta pa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kiri ìgboro. Wọ́n ní àwọn tó kú tó 2,000, àwọn mìíràn sì ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ẹ̀sùn? Pé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni òjò kò ṣe rọ̀, pé nítorí wọn ni àrùn ṣe wọ̀lú. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n gbé òkúta ìrántí wọn sí ní 2008, ìràwọ̀ Dáfídì wà lójú rẹ̀.

Ní gbàgede iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń pàdé. Àwọn obìnrin Guinea-Bissau jókòó, wọ́n ń ta obì. Mo bẹ̀rẹ̀ kí ìyá kan, mo fún ẹsẹ̀ mi ní ìtẹ̀ba díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n bí mi re. Gbànja ló ń tà, kì í ṣe àbàtà. Èmi kò gbọ́ èdè Kriol rẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá mi. Ó fọwọ́ bò mí lọ́wọ́ lé orí obì náà, kò sì jẹ́ kí n san owó ẹyọ kejì. Mo jẹ obì lójú òkúta àwọn tí wọ́n pa, mo sì ń ronú pé àgbà ìjọ wa àti àwọn èrò 1506 kò bèèrè ìbéèrè méjì. Ìbéèrè kan náà ni: ẹ̀ṣẹ̀ ta ló fa èyí? Ẹni tó bá ti gbà pé ìbéèrè náà dára, ó di dandan kó rí ẹnì kan tí yóò dá a lẹ́bi, òkú ni o, ìyá òkú ni o, àlejò ni o.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Bí àrá bá sán pa ènìyàn nílẹ̀ wa, kí la máa ń bèèrè? A ní kí ló jí, irọ́ wo ló pa, àwọn oníṢàngó a sì wá kó dúkìá ilé náà. Láyé àtijọ́, ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná bá pa, àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún; ọpẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n máa dú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, tí wọ́n ní kó dúpẹ́! Ìgbàgbọ́ tuntun dé, a sọ ère nù, ṣùgbọ́n a kò jọ̀wọ́ ìwà yẹn.

Mo kúrò níbẹ̀, mo wọ àdúgbò Baixa, níbi tí òpópónà ti tọ́ gbọnrangandan bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀. Ní Rua dos Correeiros, lábẹ́ ilé báńkì kan, wọ́n máa ń mú àlejò sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Mo bẹ̀rù ihò, n kò ní purọ́, àyà mi já nígbà tí òkè ilé náà sún mọ́ orí mi. Ó ṣe mí bíi pé mo wà lábẹ́ àwókù ti Èkó. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo tẹ̀lé wọn. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọ̀pá igi páìnì tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ nínú ilẹ̀ olómi láti gbé àwọn ilé náà dúró. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń gbé ẹrù wọn.

Inú ògiri àwọn ilé wọ̀nyẹn, igi ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kan igi ní òró àti ní ìbú, wọ́n fi òmíràn dábùú wọn bí àgbélébùú, kí wọ́n tó kọ́ bíríkì sí i láàárín. Gaiola ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá mì, igi náà á mì, kò ní já. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ni wọ́n fi dán an wò, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí àpẹẹrẹ kan ká bóyá yóò wó. Marquês de Pombal, olórí ìjọba nígbà náà, ló darí iṣẹ́ yìí. Òun náà ló fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo àlùfáà ìjọ jákèjádò orílẹ̀-èdè: báwo ni ìmìtìtì náà ti pẹ́ tó, ẹ̀ẹ̀melòó ló wáyé, ṣé òkun kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni àbí ó kọ́kọ́ ru, ènìyàn mélòó ló kú. Kò bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣẹ̀.

N kò sọ Pombal di ẹni mímọ́. Àlùfáà Jésùítì kan wà tó ń jẹ́ Gabriel Malagrida, ó tẹ ìwé jáde ní 1756 pé ìbínú Ọlọ́run lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fa ìsẹ̀lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá ìdí mìíràn. Ìjọba Pombal lépa rẹ̀ títí wọ́n fi fún un lọ́rùn pa, tí wọ́n sì sun òkú rẹ̀ ní Rossio ní 1761. Mo kórìíra ohun tí Malagrida sọ. Síbẹ̀, ẹni tó sun arúgbó níná torí ọ̀rọ̀ ẹnu ti bọ́ sí ọ̀nà àwọn èrò 1506.

Nínú àwọn tó jiyàn lórí Lisbon láwọn ọdún wọ̀nyẹn, Rousseau, onímọ̀ ọgbọ́n orí nì, ló sún mọ́ mi jù. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Voltaire, onímọ̀ bíi tirẹ̀, ní 1756, ó tọ́ka sí i pé kì í ṣe ilẹ̀ ló kó ilé alájà mẹ́fà àti méje jọ sójú kan. Ènìyàn ló kọ́ wọn. Alfama, àdúgbò tó wà lórí àpáta, dúró ju Baixa lọ. Mo gun orí rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí pé tráàmù 28 ti kún jù fún mi, mo sì sọnù nínú àwọn ọ̀nà tóóró rẹ̀ títí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí inú odò. Àtẹ̀gùn lẹ́yìn àtẹ̀gùn, aṣọ tútù lórí okùn, ọ̀nà tó parí sẹ́nu ilẹ̀kùn onílé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kan, mo fọwọ́ lu òkúta abẹ́ mi. Ṣé àwọn olùgbé ibí mọ́ ju àwọn tó wà ní Mísà lọ? Àpáta ló gbà wọ́n.

Èyí ni mo fẹ́ bá àgbà ìjọ wa sọ. Àwọn tó yẹ àwókù ti Èkó wò sọ pé irin rẹ̀ kò tó, simẹ́ńtì rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹnì kan ta irin yẹn, àbí kò rà á rárá. Nígbà tí a ń wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi, ẹni náà wà níbìkan, ó ń kọ́ ilé mìíràn. Bí a bá ti ní Ọlọ́run ló ṣe é, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ ènìyàn mọ́. Jésù fúnra rẹ̀ mẹ́nu ba ilé ìṣọ́ Sílóámù tó wó pa ènìyàn 18, ó sì ní wọn kò burú ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Òótọ́ ni pé ó fi ìpè sí ìrònúpìwàdà tì í. Ṣùgbọ́n àwọn alààyè ló pè, kò dá òkú lẹ́jọ́.

Ìmìtìtì ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́, èyí tí ènìyàn kò fà? Níbẹ̀ ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú Ọlọ́run ti le. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Cais do Sodré, mo sọdá sí Cacilhas, bọ́ọ̀sì lọ mọ́ mi lójú, mo sì fẹsẹ̀ gun òkè lọ bá Cristo Rei, ère Jésù tó ga ní mítà 28 lórí òpó mítà 82, apá rẹ̀ méjèèjì nà sí Lisbon. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Pọ́túgàl ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní 1940 pé bí Ogun Àgbáyé Kejì kò bá kan àwọn, àwọn yóò kọ́ ọ. Ogun kò kàn wọ́n. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 1959. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni São Domingos jóná lódìkejì odò.

Ní ìjọ wa, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò yí máa ń jẹ́rìí lójú ẹni tí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ yí. N kò ní kí ó má dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́ lábẹ́ ère yẹn, fún ẹ̀mí mi, fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi kò gbọdọ̀ sọ pé ìyá Warsaw tí ogun náà kàn kò gbàdúrà tó ìyá Lisbon. Ohun tí mo lè dì mú ni pé Ọlọ́run tí mo mọ̀ wà lábẹ́ òrùlé tó já, pẹ̀lú àwọn tó já lé lórí. Ìdí tó fi jẹ́ kó já, mo ṣì ń bá a fà á, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyá mi san gbèsè ìdáhùn tí kò ní.

Mo pe ìyá mi láti orí òkè náà. Mo ṣàlàyé igi inú ògiri fún un, mo ní irin ni kò tó nínú ilé tó pa ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ẹran inú ìkòkò. Ó dákẹ́, ó ní, "Ta ló wá kó irin náà jẹ?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n wá a. Àwọn méjì tó bá àbúrò mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìyá mi ní nọ́ńbà ọ̀kan, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.