Ìpọ́njú Ha Ni Olùkọ́ Rere Bí?



Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ kan kì í jìnnà sí ẹnu àwa olùtùnú: “Mú un mọ́ra, Ọlọ́run ni ó ń fi í kọ́ ọ.” A ti sọ ọ́ fún opó kan rí. Ó wò wá, ó sì bi wá pé, “Àlùfáà, kí ni Ọlọ́run fẹ́ kọ́ mi tí kò lè kọ́ mi nígbà tí ọkọ mi wà láàyè?” A kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí.

Àwa tí ń gbé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ogun ni ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká; ogun ni ó sì sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di ibi ìsádi fún àwọn tí a fọ́ ìlú wọn. Nínú ìdààmú ìgbà náà, ní ọdún 1821, a kó Òṣogùn, ìlú kan lápá Ìṣẹ́yìn. A mú ọmọdékùnrin kan, Àjàyí, lẹ́rú, pẹ̀lú Àfálà ìyá rẹ̀. A fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. A dá a padà bí ọjà tí kò wu ni. A sì tún tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó.

Kí ni ìyà náà kọ́ ọ? Òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1837 pé, nígbà púpọ̀ ni òun gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn lóru, ṣùgbọ́n àyà òun kò gbà á. Ẹ kíyèsí èyí dáradára. Ìyà kò kọ́ ọ ní sùúrù. Ikú ni ó kọ́ ọ láti máa fẹ́. Mélòó sì ni àwọn tí a kó nígbà náà tí wọn kò padà wálé mọ́? Ẹni tí ó bá pe oko ẹrú ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ó di ẹ̀bi akónilẹ́rú ru Ẹlẹ́dàá.

Níbo, nígbà náà, ni ìrètí ti wá? Ó ti ọwọ́ ènìyàn wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó gbé e. Ní Sàró a kọ́ ọ ní ìwé, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ìgbà tí ó rí ẹni fẹ́ràn rẹ̀ ni ó tó lè fi ìpọ́njú rẹ̀ ṣe ohun rere. Èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì fún wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ìyá àti ọmọ tún pàdé ní Abẹ́òkúta. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì tètè jáde. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún Àfálà, a pè é ní Hánà.

Síbẹ̀ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ó sọnù kò padà. Ìdánwò kò sì tán nígbà tí Àjàyí Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún 1890, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì dá àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ó di ìgbàgbọ́ mú títí ó fi sùn ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Iná kò mọ ìkòkò rí. Ọwọ́ ni í mọ ọ́n. Iná tí kò bá ọwọ́ amọ̀kòkò pàdé, eérú ni í fi sílẹ̀. Olúwa wa pàápàá kò pe ago ìjìyà rẹ̀ ní dídùn; ó bẹ Baba kí ó mú un kúrò, lẹ́yìn èyí ni ó tó gbà á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pọn omi fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kí a tó wàásù fún un. Olùkọ́ tí ó rí ọmọ tí ebi ń pa, kí ó má ṣe fi ẹ̀kọ́ sùúrù bẹ̀rẹ̀. Bí opó náà bá tún bi wá léèrè, a ó wí fún un pé: “Ìyá, a kò mọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi ọ́ sílẹ̀, àwa náà kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀.” Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Àmín.