Ta Ló Gbin Igbó Aigoual?

Àwọn igi páìnì arúgbó orí òkè Aigoual, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni mo ń rò. Òkè náà ga ju mítà 1,500 lọ, àmọ́ nígbà kan, ìhòòhò ló wà. Àgùntàn ti jẹ koríko rẹ̀, àáké ti dá igi rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1875 ni Georges Fabre, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi padà síbẹ̀. Ó gbin páìnì púpọ̀, torí páìnì kì í sá fún oòrùn tàbí ẹ̀fúùfù, kò sì ka ilẹ̀ tó ti ṣá sí nǹkan.

Ibi tí ènìyàn kò ti fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Nígbà tí páìnì ṣì kéré, tí wọ́n fún mọ́ra, abẹ́ wọn a ṣókùnkùn. Ewé tín-ín-rín a bo ilẹ̀, ewéko díẹ̀ ní í lè yọrí. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi bá wá jẹ́ irú kan ṣoṣo ńkọ́? Ṣé igbó nìyẹn, àbí igi kan náà la ń kà lákàtúnkà?

Ọjọ́ orí ló ń tú àwọn páìnì tó fún mọ́ra náà ká. Ìjì a wó páìnì kan, yìnyín a ṣẹ́ ẹ̀ka òmíràn, ìmọ́lẹ̀ a sì rí ọ̀nà wọlé. Koríko a hù, olú a yọ lára ìtì tó ń jẹrà. Ẹyẹ a ri èso igi beech mọ́lẹ̀ de ìgbà òtútù. Èyí tó bá gbàgbé a hù. Ọmọ beech lè fara da ibòji, ọmọ páìnì kò lè fara dà á. Ibòji tí páìnì fi wo ilẹ̀ sàn gan-an ni kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jogún ilẹ̀ náà.

N kò pe èyí ní àdánù. Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà là, páìnì ni wọ́n fi gbà á. Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé àìfọwọ́kàn nìkan ti tó. Bí kò bá sí beech àtijọ́ nítòsí, kí ni ẹyẹ yóò gbé wá? Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló gbin igbó náà, n óò dárúkọ Fabre, n óò dárúkọ ẹyẹ, n kò sì ní fo àwọn igi díẹ̀ tí àáké dá sí.