Ìrun Orí Àga, Eré Orí Àga

Lọ́sàn-án Jímọ̀ ní Ajah l'Ékòó, bí kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ṣe ń pe Sangotedo lóde, àga oníke mélòó kan á ti wà létí sáfù nínú mọ́ṣáláṣí. Àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn ló ni wọ́n. Nígbà tí àwọn yòókù bá forí kanlẹ̀, baba orí àga á tẹrí ba níwọ̀n tí ara rẹ̀ gbà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò kírun.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ìmránì ọmọ Husaini, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ń ṣàìsàn, ó sì béèrè lọ́wọ́ Ànábì bí òun yóò ṣe máa kírun. Èsì tó gbà ni pé kó dúró kí i. Bí kò bá lè dúró, kó jókòó. Bí ìjókòó kò bá ṣeé ṣe, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀sìn tó ka ìdúró àti ìforíkanlẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ ló gbà pé ìrun ṣì ni ìrun nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá gbé ara mọ́.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò fojú yẹn wo eré ìdárayá?

Ọmọ kan lè fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, wọ́n sì lè bí òmíràn pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò pa dé. Bí àkókò eré bá tó, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, kó máa ṣọ́ bàtà àti báàgì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tíṣà tó fi í síbẹ̀ kì í ṣe ìkà. Àánú ló ṣe é. Àmọ́ àánú náà lè tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn.

Ní ti àwọn òbí kan, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Pátákó ìsọjí àti ìwòsàn kò ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà Lekki sí Epe, ìyá tó sì ń gbààwẹ̀, tó ń lọ ìṣọ́ òru nítorí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, lè rò pé bí òun bá jẹ́ kó kọ́ eré orí àga oníkẹ̀kẹ́, òun ti fọwọ́ sí i pé Ọlọ́run kò ní wò ó sàn. Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run fún ilé kì í sùn sínú òjò títí ilé yóò fi dé. Ara tí ọmọ náà ní lónìí ló ń dàgbà, òun ló sì ń wá ẹgbẹ́.

Yorùbá a máa ṣàdúrà fún aboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá. Ọnà ni wọ́n ka ara sí. Ẹni tí ọnà tirẹ̀ bá yàtọ̀, ẹni òrìṣà ni. Èèwọ̀ ni kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Iyì ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, ta ló ń pe ẹni òrìṣà wá gbá bọ́ọ̀lù?

Ludwig Guttmann pè wọ́n. Júù ni, dókítà tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939. Ní 1944 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stoke Mandeville nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn sójà tí ogun ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́. Láyé ìgbà náà, egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn ojú ìtọ̀ kì í jẹ́ kí irú wọn pẹ́ láyé. Guttmann fi eré sínú ìtọ́jú. Ní 29 July 1948, ọjọ́ tí Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní London, àwọn sójà 16 tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ díje nínú ọfà títa lọ́gbà ilé ìwòsàn náà. Ibẹ̀ ni Paralympics, Òlíḿpíìkì àwọn akàndá ẹ̀dá, ti ṣẹ̀.

Òfin kan wà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n orí àga tó yẹ ká ronú lé. Wọ́n ń fún eléré kọ̀ọ̀kan ní àmì láti 1.0 títí dé 4.5; bí ara rẹ̀ bá ṣe lè yí tó ni àmì rẹ̀ ṣe ń ga tó. Àmì àwọn márùn-ún tó wà lórí pápá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣa kìkì àwọn 4.5 jọ, 22.5 ni wọn; wọn kò lè wọ pápá. Kì í ṣe àánú ló gbé ẹni tí apá rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́ wọ inú ẹgbẹ́ yẹn. Láìsí òun, ìṣirò kò pé. Wọn kò sì rẹ àwọ̀n sílẹ̀: ibi tó ga dé fún ẹni tó ń rìn náà ló ga dé fún wọn.

Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá máa dé ilé ìwé, ìfẹ́ nìkan kò tó fún tíṣà, ó gbọ́dọ̀ mọ ara tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lápá òkè kì í làágùn dáadáa nísàlẹ̀ ojú ibẹ̀, oòrùn ọ̀sán Ajah sì lè mú un gbóná kọjá ààlà. Àárọ̀ ni kó ṣeré, lábẹ́ ìbòòji, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i lára. Kó máa fọwọ́ ti àga gbé ìdí sókè lóòrèkóòrè, torí kò ní mọ̀ bí egbò bá ń yọ. Bí orí bá ṣàdédé ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n, kí eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó jókòó ṣánṣán, kí wọ́n wò bóyá rọ́bà tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde ti ká, kí wọ́n sì wá dókítà: ẹ̀jẹ̀ ríru òjijì ló lè jẹ́, ó sì lè pa á.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin fún àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti ṣí ọ̀nà fún wọn. Ọdún 5 náà ti pé. Ní Lekki, iyanrìn tún jẹ́ ìṣòro mìíràn, torí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ irà tí wọ́n fi iyanrìn dí. Ilé ìwé lè ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé ẹnu kíláàsì, kí pápá sì jẹ́ iyanrìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onítáìsì tó tó kíláàsì kan gba tábìlì tẹ́níìsì, orí àga sì ni Isau Ògúnkúnlé ti fi irú tẹ́níìsì yẹn gba àmì ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà níbi Paralympics ní Paris ní 2024.

Nínú iyanrìn, táyà kékeré iwájú àga oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń rì. Bí wọ́n bá tì í, á tún rì sí i. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í tì í: wọ́n á dá àga náà sẹ́yìn lé táyà ńlá méjèèjì, wọ́n á fà á gba iyanrìn kọjá, ojú ẹni tó jókòó sí i á kọ sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé orí sìmẹ́ǹtì, á fọwọ́ ara rẹ̀ yí àga náà padà, á sì ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí òun.