Ta Ni Ọmọ Tó Dé Fìlà Yẹn?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n bi yín: bí irọ́ bá ti ń tu ènìyàn nínú láti ogójì ọdún ó lé, ṣé ó yẹ ká tú u?

Kẹ́hìndé ni Màámi. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí wọn sí, àwọn àti Táyé, ọkùnrin. Táyé kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Fótò dúdú-àti-funfun kan wà lára ògiri yàrá Màámi, 1977 ni wọ́n yà á: ọmọbìnrin kan nínú ìró àti bùbá, ọmọkùnrin kan nínú bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ìyá àgbà ní, "Ìwọ àti Táyé nìyẹn." Lọ́jọ́ ìbí wọn lọ́dọọdún, Màámi á se ẹ̀wà, wọ́n á gbé àwo àkọ́kọ́ síwájú fótò náà: "Táyé, jẹun o."

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kọ́ fótò fífọ̀ lọ́dọ̀ bàbá afọ́tò kan. Yàrá wọn ṣókùnkùn, àfi iná pupa kan, torí bébà fótò kì í rí pupa. Bàbá tan ìmọ́lẹ̀ gba inú fíìmù sórí bébà, wọ́n rì í sínú omi oògùn. Funfun báláú ni, kó tó pẹ́ ojú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ara mi bù máṣọ! Omi kejì ló ń dá a dúró, ẹ̀kẹta ni fíkísà, tí kì í jẹ́ kó dúdú mọ́ tó bá bọ́ síta.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi páálí bo ìdajì bébà, ká tẹ fíìmù kan sápá òsì, ká sún páálí, ká tẹ òmíràn sápá ọ̀tún. Wọ́n ní, "Bí a ṣe ń ṣe fótò ìbejì nìyí, tí ọ̀kan bá ti lọ. Èyí tó kù la ó yà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ takọ-tabo, a ó pààrọ̀ aṣọ fún un." Stephen Sprague náà kọ nípa irú fótò yìí, ní Ìlá gan-an, nínú ìwé African Arts lọ́dún 1978.

Nígbà tí mo délé, mo wo fótò wa dáadáa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín kọ́tìnì kọjá. Àpá kan náà wà níwájú orí àwọn ọmọ méjèèjì. Àpá yẹn ṣì wà níwájú orí Màámi dòní. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé arákùnrin rẹ̀ nìyẹn, kò ní wo àpá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé òtítọ́ korò. Àbí irọ́ kọ́ rárá? Láyé àtijọ́, wọ́n á gbẹ́ ère ìbejì, kò sẹ́ni tó pe agbẹ́gilére lópùrọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé igi ni ère. Fótò ń ṣe bí ẹlẹ́rìí ni.

Mo rò ó títí. Ìyá àgbà mọ̀, afọ́tò mọ̀, àwọn aládùúgbò mọ̀. Fótò yẹn ò tan ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ. Ó kàn fún Táyé láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ ni. Ìgbà tí àwọn tó mọ̀ dákẹ́, tí wọ́n sì kú tán, ló di irọ́. Inú ìdákẹ́ yẹn ni irọ́ wà, kò sí nínú bébà. Ní báyìí, èmi ni mo mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ti di tèmi.

Tí a bá gba ìsinmi, mo ń lọ sílé. N ò ní yọ fótò náà lára ògiri. N ó ní, "Màámi, ojú yín ni Táyé yá, kó lè ríbi jókòó." Bí wọ́n bá sunkún, n ó jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá tún se ẹ̀wà lọ́jọ́ ìbí tó ń bọ̀, èmi ni n ó gbé àwo náà síwájú rẹ̀.